Gé, Sun, Pààrọ̀, Rẹ̀: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Mẹ́rin Lábẹ́ Ọkọ̀ Àbúrò Mi

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ òwe, oríkì àti ìró èdè ni a sábà máa ń jíròrò níhìn-ín. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ibi tí èdè Yorùbá ń gbé. Bí ẹ bá dúró sí ọgbà mẹkáníìkì fún wákàtí kan péré, ẹ ó gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú èdè mìíràn tí a sì ti fi ohùn tiwa wọ̀ láṣọ, ẹ ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ju ọ̀pọ̀ tí a ń kà nínú ìwé lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn, ra Golf 3 tòkunbọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Ní 1991 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen gbé irú rẹ̀ jáde. Ó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ó sì ń wù ú kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo tí ó wà láàrin táyà àti etí ara ọkọ̀ má fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó tí ó tọ́jú fún iṣẹ́ náà kò pọ̀. Owó tí ó rí nínú kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù mẹ́jọ ni. Ọkọ̀ yìí kan náà ni ó sì fi ń gbé ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí ẹ̀yìn tí ó ń dùn wọ́n. Ó pè mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Wọ́n ní kí n gé sípíríǹgì, pé olówó pọ́ọ́kú ni.”

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí. Ọmọ iṣẹ́ ní kí á gé e. Wẹ́dà ní kí á sun ún. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kí á pààrọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní ohun tí òun ṣáà ń fẹ́ ni kí ọkọ̀ náà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá fi etí sílẹ̀ lè rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá yàn ni ó ń sọ ibi tí owó yóò gbà jáde, ìgbà tí yóò jáde, àti ẹni tí yóò san án. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni ó sì yẹ kí ó fara balẹ̀ yàn jù lọ, nítorí kò ní owó ẹlẹ́ẹ̀kejì tí yóò fi tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á mú gé ní àkọ́kọ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ jẹ́ irin tí a lọ́ yípo-yípo bí ejò tí ó ká. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń fi díẹ̀ kún bí irin náà ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí iye ìyípo bá dín, títẹ̀ yóò dín, líle yóò sì pọ̀ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi: bí ìyípo mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ nínú sípíríǹgì kan, tí a sì gé ọ̀kan kúrò, márùn-ún tí ó kù yóò le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìdá kan nínú márùn-ún. Èyí fi hàn pé gígé kò mọ sí pé ó ń mú ọkọ̀ rẹlẹ̀. Ó tún ń sọ ọ́ di olóríkunkun. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń pa ìfò sípíríǹgì, ṣùgbọ́n agbára sípíríǹgì ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Bí sípíríǹgì bá wá le jù ú lọ, ọkọ̀ yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà náà. Ẹ rántí ẹ̀yìn ta ni a ń sọ.

Ìṣòro kejì wà ní ìpẹ̀kun sípíríǹgì. Ìpẹ̀kun yìí ni ó ń jókòó sínú àwo kan lára ṣọ́ọ̀kì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sì ti tẹ irin náà níbẹ̀ kí ó lè bá àwo rẹ̀ mu. Bí a bá gé ibẹ̀ dànù, ìjókòó rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí a bá sì gé e kúrú jù, ní ọjọ́ tí wíìlì bá já sínú kòtò jíjìn, sípíríǹgì yóò dẹ̀ ní ààyè rẹ̀, ó sì lè yọ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. N kò sọ pé gbogbo gígé ni ó burú. Àwọn sípíríǹgì kan wà tí ìpẹ̀kun wọn kò ní títẹ̀ kankan, àwọn oníṣẹ́ tí ó mòye a sì máa gé irú wọn díẹ̀díẹ̀, láìfi iná kàn án, ní ìwọ̀n kan náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ṣùgbọ́n ohun tí a gé kò ṣeé so padà, ọmọ iṣẹ́ tí ó sì gba àbúrò mi nímọ̀ràn kò wo ìpẹ̀kun sípíríǹgì náà rárá kí ó tó sọ̀rọ̀.

Sun ni ó tẹ̀ lé e. Wẹ́dà náà ní, “A ó fi iná sun ún díẹ̀, yóò jókòó fúnra rẹ̀.” Òótọ́ ni, yóò jókòó. Ìdí tí yóò fi jókòó ni ó yẹ kó bà wá lẹ́rù. Irin sípíríǹgì ti la iná kọjá kí ó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n mú un tutù kíákíá kí ó lè le, wọ́n sì tún fi ooru níwọ̀nba tọ́jú rẹ̀ kí ó má baà ṣẹ́ bí àwo. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ọgbọ́n yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀: àdá tí iná bá mú kọjá bí ó ti yẹ yóò rọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná wẹ́dà ṣe ń ba ìtọ́jú àkọ́kọ́ yẹn jẹ́. Apá kan sípíríǹgì yóò rọ̀, apá kejì yóò ṣì le, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí yóò ṣẹ́. Àwa Yorùbá ń sun iṣu, a ń sun àgbàdo, a sì mọ̀ pé iṣu tí a ti sun kì í padà di tútù. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè.

Kí n tó lọ sí ẹ̀kẹta, mo fẹ́ gba ẹjọ́ àbúrò mi rò díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́, ó ní ọ̀nà Ìbàdàn tí ó kún fún kòtò kò yẹ fún irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, pé fáàrí lásán ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe àwọn olówó ni ó sọ ọkọ̀ rírẹlẹ̀ di àṣà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn òbí wọn ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò, tí wọ́n ń gbé ní Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California, ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n sì ń kó àpò iyanrìn sínú búùtù kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè rẹlẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn gé sípíríǹgì. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń wá ọkọ̀ tí yóò sáré, tiwọn ń rọra rìn kí ojú lè rí i. Ní 1958, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di èèwọ̀ kí ara ọkọ̀ rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ irin wíìlì lọ. Ní 1959, Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tí ń lo òróró sínú Corvette rẹ̀ tí ó pè ní X-Sonic, kí ó lè máa gbé e sókè kí ó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ó ti wù ú. Bí ọlọ́pàá bá yọ, ọkọ̀ á dìde. Òfin náà wà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìgbà tí ọdún 2024 wọlé ni ó kúrò nílẹ̀. Lónìí, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Ford LTD ti 1969 tí wọ́n ń pè ní Dave’s Dream, tí ó wá láti Chimayó ní New Mexico, wà lára àwọn ohun ìní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian.

Ẹ kíyè sí àpò iyanrìn yẹn. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni, síbẹ̀ ó ṣeé kó kúrò ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò ní owó lè ní ẹwà, bí ó bá yan ohun tí kò ní ba ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo ń wá fún àbúrò mi gan-an nìyẹn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ni ó mú pààrọ̀ wá. Àgbàlagbà ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí á wá sípíríǹgì tí wọ́n ti ṣe ní kúkúrú láti ilé-iṣẹ́, kí á pààrọ̀ ti inú rẹ̀. Kí ẹ sì tọ́jú ti àtijọ́.” Ọgbọ́n ńlá wà nínú gbólóhùn yìí. Àwọn tí ó ṣe Golf pàápàá ń rẹ àwọn kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Golf GTI àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1976, rẹlẹ̀ ju Golf yòókù lọ. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè rí sípíríǹgì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn àlòkù, ìbáà jẹ́ ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí ó wà ní Gate ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Mushin, l’Ékòó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sípíríǹgì tí ó bá wọlé ni ó bá ọkọ̀ mu. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi ń ṣe ti iwájú. Bí a bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún Golf tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wúwo, ó lè gbé tiwa sókè dípò kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àmì ọ̀dà kéékèèké ni ó máa ń wà lára irin náà láti fi ìyàtọ̀ hàn. Àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, ní ọ̀tún àti ní òsì. A ó tún fi ọwọ́ pa irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí ìpata bá ti jẹ ẹ́ wọlé ni yóò ti ṣẹ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ti gbà wá láyè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni tẹ́lẹ̀: ti òkun bọ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì mú wá sílé. Láti ara ọmọ ni a ti yá a fún ọkọ̀, láti ara ọkọ̀ ni a ti yá a fún gbogbo ohun àlòkù tí ó wọ̀lú. Orúkọ tí ó ní ìtẹ́wọ́gbà ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọjọ́ orí ohun tí à ń rà. Sípíríǹgì tòkunbọ̀ lè dára. Irin ni, ojú sì lè rí àbùkù rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí inú ni òróró rẹ̀ wà, inú náà sì ni àrùn rẹ̀ wà.

Mo ní kí àbúrò mi pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ọ̀nà mẹ́rin ra ṣọ́ọ̀kì tuntun méjì fún iwájú. A dán ti ẹ̀yìn wò, wọn kò jò, wọn kò sì fò. Ọ̀nà mẹ́ta ra sípíríǹgì tòkunbọ̀ mẹ́rin. Ọ̀nà kan lọ sórí rọ́bà àti bẹ́ẹ̀rì tí ó wà lókè ṣọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan jẹ́ owó iṣẹ́. Èyí tí ó kù jẹ́ ti títún wíìlì tò kí ó lè kọjú síbi tí ó yẹ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní aláìmẹ́ǹtì. Ó bojú wò mí, ó ní, “Rímù ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá mi?” Mo ní, “Rímù di ọdún tí ń bọ̀.” Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Kí a tó tú bóòtù kan ni a ti wọn ọkọ̀ àti ọ̀nà. Láti àárín wíìlì sí etí ara ọkọ̀ ni a fi okùn ìwọ̀n sí, kì í ṣe láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ inú táyà lè yí ti ilẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, àgbà mẹ́rin jókòó sínú ọkọ̀, a sì wọn ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lábẹ́ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 12. Òkìtì tí ó ga jù tí wọ́n fi dín eré ọkọ̀ kù ní àdúgbò wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7. Sẹ̀ǹtímítà 6 ni àbúrò mi fẹ́ fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìṣirò ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi hàn pé ìkùn ọkọ̀ yóò máa họ ilẹ̀. A fi ẹnu kò sí 3. Ní ti àwọn ihò ojú ọ̀nà, ẹ ṣáà gbọ́ bí àwọn awakọ̀ wa ṣe ń pè wọ́n: gálọ́ọ̀pù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún eré ẹṣin ni a sọ di orúkọ ihò tí ó ń mú ọkọ̀ fò bí ẹṣin. Ẹni tí ó yá ọ̀rọ̀ yẹn wọ èdè wa kò kàwé gboyè, ṣùgbọ́n ó rí nǹkan.

Iṣẹ́ gan-an gba òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá náà fi irin ìdè méjì fún sípíríǹgì pọ̀ kí ó tó tú nọ́ọ̀tù orí ṣọ́ọ̀kì, ó sì lé àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Agbára tí ó wà nínú sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè pa ènìyàn; ẹni tí kò bá ní irin ìdè náà kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ títí ọ̀gá náà fi fi hàn mí. Nínú àwọn Golf àtijọ́ kan, ohun èlò kékeré kan wà lẹ́yìn tí ó ń pín agbára búréèkì. Ó ń wo bí ara ọkọ̀ ṣe súnmọ́ irin tí wíìlì ẹ̀yìn wà lórí rẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀, ara ọkọ̀ yóò rẹlẹ̀, ohun èlò náà yóò sì fi agbára kún búréèkì ẹ̀yìn. Ní báyìí tí a ti rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, ó lè gbà pé ẹrù wà lẹ́yìn nígbà tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Bí a bá wá tẹ búréèkì lójijì, pàápàá lójú òjò, wíìlì ẹ̀yìn lè dúró ṣáájú ti iwájú, kí ọkọ̀ sì yí po. Ọ̀gá náà tún ìsopọ̀ rẹ̀ ṣe kí ó bá ìdúró tuntun ọkọ̀ mu, a sì lọ dán an wò lójú ọ̀nà tí ó dá. Ẹni tí ó gé tàbí tí ó sun kì í sábà dé ibẹ̀. Ó ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ. A tún iná iwájú tọ́ pẹ̀lú, nítorí ibi tí ó ń kọjú sí ti yí padà.

Nígbà tí ìyá wa jáde wò ó, wọ́n bu sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọkọ̀ rẹ yìí ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ kí àgbà.” Nígbà tí wọ́n dé láti ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ náà, mo béèrè bí ẹ̀yìn wọn ṣe rí. Wọ́n ní gálọ́ọ̀pù kò gbọ̀n wọ́n bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì tuntun ni ó ṣe é, kì í ṣe rírẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé àbúrò mi fẹ́ fáàrí, ta ni yóò yọ ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú yẹn?

Ó wá ku rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kẹrin. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé, bí ẹni pé ó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn náà á di ti àárín: a rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kúkúrú bá tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ á dúró: a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni a ti rí ìrẹ̀lẹ̀, ìwà ẹni tí ó mú ara rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gé e kúrú. Gé ń mú nǹkan kúrò. Sun ń yí ìwà nǹkan padà. Pààrọ̀ ń fi òmíràn dípò. Rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ ipò tí nǹkan wà, tí ohun náà sì pé síbẹ̀. Nítorí náà, rẹ̀ ni ìfẹ́ ọkàn, àwọn mẹ́ta yòókù ni ọ̀nà tí a lè gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta náà kò sì dọ́gba.

Ẹ sì ṣọ́ ohùn yín. Bí ẹ bá gbé ohùn ọ̀rọ̀ yìí sókè, ó di rẹ́, èyí tí a ń gbọ́ nínú “rẹ́ni jẹ”. Ohùn nìkan ni ó wà láàrin ẹni tí ó rẹ ọkọ̀ wa sílẹ̀ àti ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ. Bí ẹ bá dé ọgbà mẹkáníìkì pẹ̀lú owó kékeré lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ mi ṣe? Bí ẹ bá sì gbọ́ òmíràn tí kò sí nínú mẹ́rin yìí, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó tàbí ní Kétu, ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́. Ire o.